Kí ló dé tí ẹ fo ilé wa? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìwádìí ilé-dé-ilé ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn kiri, láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣágámù, láti Àgọ́-Ìwòyè títí dé Àbígí létí omi. Ìwé ìbéèrè la kọ́kọ́ ń gbé kiri, ó padà di tábílẹ́ẹ̀tì. Mi ò jókòó sílé ro àwọn ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí. Àwọn èèyàn ló bi mí, lẹ́nu ọ̀nà, nínú mọ́tò, àwọn mìíràn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá. Bí mo ṣe ń dá wọn lóhùn lójúkojú náà ni mo kọ ọ́ síbí.

Ẹ wọlé ọ̀tún, ẹ wọlé òsì, ẹ fo tiwa. Ṣé àwa kì í ṣe ara ìlú ni?

Ara ìlú ni yín. Kí a tó bèrè ohunkóhun ládùúgbò yín, a ti ka gbogbo ilé tó wà níbẹ̀, a ti fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, a sì ti ṣẹ́ kèké. Kèké ló mú ilé ọ̀tún àti ilé òsì. Bí mo bá yà sílé yín torí pé ẹ fi omi tútù lọ̀ mí, tàbí torí pé inú ń bí yín, mo ti ba iṣẹ́ jẹ́ nìyẹn. Ẹni tó ń pe abèèrè wọlé kì í sábà jọ ẹni tó ń sá fún un. Ẹni tó ń pè é ti ní ọ̀rọ̀ lọ́kàn, ó lè jẹ́ iná tí kò wá, ó lè jẹ́ ọ̀nà tó bàjẹ́. Bó bá jẹ́ irú wọn nìkan ni mo gbọ́rọ̀ lẹ́nu wọn, èsì tí mo máa gbé lọ, èsì àwọn tínú ń bí ni, kì í ṣe ti àdúgbò.

Mo mọ̀ pé ó máa ń dunni. Mo ti rí ìyá àgbàlagbà tó gbé àga síta dè wá láti àárọ̀, tí a sì kọjá lọ. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ṣàlàyé, mi ò sì bi wọ́n ní ìbéèrè kankan.

Báwo ni ẹgbẹ̀rún kan èèyàn ṣe máa wá sọ̀rọ̀ fún gbogbo Ìpínlẹ̀ Ògùn?

Ẹ wo ẹni tó mọ gàárì rà. Kì í wo ojú àpò lásán, ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni olójà ń da èyí tó kúná, tó gbẹ dáadáa sí. Á ká ọwọ́ aṣọ sókè, á ki ọwọ́ bọ àpò títí dé ìgbọ̀nwọ́, á bu díẹ̀ nísàlẹ̀, á bu díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, á bu díẹ̀ láàárín. Á jù ú sẹ́nu, á wò ó bóyá ó kan bó ṣe yẹ kí gàárì Ìjẹ̀bú kan. Ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta péré, ó ti mọ̀ bóyá òun á rà á. Bí àpò náà bá tóbi ní ìlọ́po méjì, ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta yẹn ṣì tó, bó bá ṣáà ti ki ọwọ́ kan gbogbo ibi tó yẹ.

Bí ọ̀rọ̀ èèyàn ṣe rí gan-an nìyẹn. Bí a bá fi kèké yan 100 èèyàn, èsì tí a máa rí lè fi nǹkan bí 10 nínú 100 yẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ 400, á di 5. Bí wọ́n bá jẹ́ 1,000, á di nǹkan bí 3. Bí wọ́n bá jẹ́ 1,600, á di nǹkan bí 2 àbọ̀. Ẹ ó rí i pé kí àyè àṣìṣe, ìyẹn iye tí èsì lè fi yẹ̀, tó dín sí ìdajì, àwọn tí a ń bi gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìwádìí fi ń dúró sí bí 1,000 sí 2,000. Owó tí wọ́n máa ná lé e lẹ́yìn ìyẹn pọ̀ ju ìmọ̀ tí wọ́n máa rí lọ. Bóyá Ṣágámù nìkan là ń wádìí o, bóyá Nàìjíríà lápapọ̀ ni o, ìṣirò yìí kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Àwọn èèyàn kì í tètè gba ìyẹn gbọ́, bẹ́ẹ̀ òótọ́ ni.

Ẹ kíyè sí i pé mo ní *bí a bá fi kèké yan wọn*. Bí kò bá sí kèké, kò sí ìkankan nínú àwọn iye wọ̀nyẹn tó dúró.

Ṣùgbọ́n bí a bá bi èèyàn mílíọ̀nù méjì, ṣé kò ní dára ju ẹgbẹ̀rún kan lọ?

Wọ́n dán an wò ní Amẹ́ríkà ní 1936. Ìwé ìròyìn kan tó ń jẹ́ Literary Digest fi káàdì ránṣẹ́ sí nǹkan bí mílíọ̀nù 10 èèyàn, ó ní kí wọ́n sọ ẹni tí wọ́n máa dìbò fún sípò ààrẹ nínú Roosevelt àti Landon. Nǹkan bí mílíọ̀nù 2.4 káàdì ló padà wá. Ìwé ìròyìn náà kà á, ó ní Landon ló máa wọlé. Nígbà tí wọ́n dìbò tán, Roosevelt gba ìpínlẹ̀ 46 nínú 48, ìbò rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 61 nínú 100. George Gallup, oníwàdìí mìíràn, ní tirẹ̀ lo nǹkan bí 50,000 èèyàn, ó sì mọ ẹni tó máa wọlé. Kò pé ọdún méjì tí Literary Digest fi kógbá sílé.

Nǹkan méjì ló ṣe wọ́n. Inú ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù, ìwé àwọn onímọ́tò àti ìwé àwọn tó ń ra ìwé ìròyìn náà ni wọ́n ti mú orúkọ jáde. Ní 1936, nígbà tí ọrọ̀ ajé ti dẹnu kọlẹ̀, ta ló ní fóònù àti mọ́tò? Èkejì tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ lójú tèmi: nínú ẹni mẹ́rin tí wọ́n kọ ìwé sí, ẹni mẹ́ta kò dáhùn. Àwọn tó dáhùn kò sì jọ àwọn tó dákẹ́.

Ẹ gbé e wá sílé. Ká ní mo lọ sí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, mo bi ẹgbàárùn-ún èèyàn bí ọwọ́ wọn ṣe rí. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, ń kọjá nínú aṣọ òfì àti ẹ̀gbà ọrùn, ẹṣin ń jó, àwọn tó ti Èkó àti òkè òkun wálé kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Èsì mi á sọ pé kò sí òtòṣì nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ẹgbàárùn-ún lẹni tí mo bi, síbẹ̀ mi ò bi ìyá tó wà nílé tó ń ṣa èèpo ẹ̀gẹ́, mi ò bi ọlọ́kadà tí kò rówó aṣọ ẹgbẹ́ san. Bí mo bá tún bi ẹgbàárùn-ún mìíràn níbẹ̀, irọ́ kan náà ni màá tún kó bọ̀.

Kèké wo lẹ̀ ń ṣẹ́ gan-an?

Ó ní ìpele. Àjọ ìkànìyàn ti pín gbogbo orílẹ̀-èdè yìí sí àwọn ẹkù kéékèèké fún ètò ìkànìyàn. Ẹkù wọ̀nyẹn la kọ́kọ́ ń ṣẹ́ kèké lé lórí. Ìwádìí ńlá lórí ìlera tí wọ́n ń pè ní NDHS, èyí tí wọ́n ṣe ní 2018, yan ẹkù 1,400 káàkiri Nàìjíríà, ó sì yan ìdílé 30 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdílé 42,000. Wọn ò lè parí iṣẹ́ nínú 11 nínú ẹkù náà nítorí ààbò, wọ́n sì kọ ìyẹn sínú ìwé àbájáde wọn kedere. Mo fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀.

Bí a bá dé inú ẹkù, a máa rìn ín yípo, a máa kọ gbogbo ilé àti ìdílé sílẹ̀. Ká ní 240 ìdílé ló wà níbẹ̀, 20 la sì nílò. 240 pín sí 20 jẹ́ 12. A máa kọ 1 dé 12 sórí ìwé wẹ́wẹ́, a máa pò ó pọ̀ nínú abọ́, a máa mú ọ̀kan. Bó bá mú 7, ìdílé keje la ó kọ́kọ́ lọ bá, lẹ́yìn náà 19, 31, 43, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ títí dé 235. Lónìí tábílẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n mo ṣì máa ń fi abọ́ ṣe é han àwọn ọmọ tuntun kó lè yé wọn.

Ohun kan wà tí kò yẹ kí n fò. Àwọn ará ẹkù kan náà sábà máa ń jọra: omi kan náà ni wọ́n ń pọn, ọjà kan náà ni wọ́n ń ná. Nítorí náà 1,000 èèyàn tí a kó láti inú ẹkù 50 kò lágbára tó 1,000 tí a mú lọ́kọ̀ọ̀kan káàkiri. Nígbà mìíràn agbára wọn lè má ju ti 500 lọ. Ìwádìí tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń ro èyí mọ́ àyè àṣìṣe rẹ̀.

Kí ló dé tí ẹ fi bi èèyàn púpọ̀ létí omi, nígbà tí wọn ò pọ̀ tó àwa ará Ìjẹ̀bú-Òde?

Torí pé bí a bá fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún kèké, iye àwọn ará Àbígí àti Ìwopin tó máa já wọnú ìwádìí lè má ju mẹ́wàá lọ, ayé àwọn apẹja kò sì jọ ayé àwọn tó ń gbé lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀. A máa kọ́kọ́ pín ilẹ̀ náà sí ìsọ̀rí, a ó wá ṣẹ́ kèké nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Bí a bá wá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa gbogbo Ìjẹ̀bú lẹ́ẹ̀kan, a gbọ́dọ̀ wọn ohùn wọn padà sí bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Ká ní àwọn ará etí omi jẹ́ 1 nínú 10 gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ 3 nínú 10 àwọn tí a bi: ohùn ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn á dín sí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹni tó gbàgbé ìṣirò yìí á sọ gbogbo Ìjẹ̀bú di apẹja.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Mo ti lo fọ́múlà Taro Yamane, ó ní kí n bi ẹni 371 ní ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣé kí n lọ pín fọ́ọ̀mù fún ẹni tí mo bá rí?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi mí jù, ó sì máa ń dùn mí torí pé àwọn ọmọ yìí ń ṣiṣẹ́ kára. Fọ́múlà yẹn sọ iye tó máa tó fún ọ *bó o bá ṣẹ́ kèké*. Bí ẹni 371 yẹn bá jẹ́ àwọn tó rẹ́rìn-ín sí ọ, àwọn tí ìsọ̀ wọn wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tí kò ní oníbàárà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, iye náà ò ní ìtumọ̀. Alátà tí ọjà rẹ̀ ń yá kò ráyè tìrẹ. Ìwọ á wá kọ ọ́ pé ọjà kò yá ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé: lọ bá ìyálọ́jà, kí i dáadáa, sọ ohun tí o wá ṣe. Lẹ́yìn náà ka ìsọ̀ ní ìlà-ìlà, kọ ọ́ sílẹ̀, ṣẹ́ kèké lórí ìsọ̀. Lọ lọ́jọ́ ọjà, lọ lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Bí ẹni tí kèké mú bá ní kí o padà wá, padà lọ. Kọ iye àwọn tó kọ̀ sílẹ̀. Ó sàn kí o bi 120 báyìí ju 371 tí o kó bí ẹni kó òkúta lọ. Bí apá rẹ ò bá ká a, jẹ́ kí ìwé rẹ sọ ọ́ pé àwọn tó rọrùn láti bá sọ̀rọ̀ ni o bi, má sì kọ "àwọn ọlọ́jà Ìjẹ̀bú" sínú àbájáde.

Ohun mìíràn ni èdè. Fọ́ọ̀mù tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì pọ́nbélé, tí o wá ń túmọ̀ lójú ẹsẹ̀ fún ìyá alágbo, ìbéèrè ọ̀tọ̀ ọ̀tọ̀ ni o ń bi olúkúlùkù. Túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá nílé, kí ẹlòmíràn tún un túmọ̀ padà sí Gẹ̀ẹ́sì láìrí ti àkọ́kọ́. Ibi tí méjèèjì kò ti bára mu ni kí o tún ṣe.

Ilé ńlá pọ̀ níbí tí ilẹ̀kùn wọn ń wà ní títì láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Èyí gan-an ni wàhálà ilẹ̀ wa. Èèyàn kọ́lé sílé, Èkó ló ń gbé, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wá síbi òkú tàbí ìgbéyàwó. Bí a bá ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ nìkan, àwọn àgbàlagbà àti ọmọdé la máa bá. Bí a bá ṣe é lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, a máa bá àlejò tí yóò sọ bí iná Ìkẹjà ṣe rí. Nítorí náà, kó tó di pé a bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, a máa ń bèèrè pé: ta ló ń sùn níbí, ta ló ń jẹ nínú ìkòkò kan náà? Ìdílé lójú ìwádìí kì í ṣe gbogbo agboolé. Nínú ilé kan ní Mákun, mo ti bá ìkòkò mẹ́rin lábẹ́ òrùlé kan: ìdílé mẹ́rin ni mo kọ sílẹ̀.

Èmi ni baálé. Kí ló dé tí ẹ ní ìyàwó mi lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀?

Ẹ má bínú, sà. Kèké tún wà nínú ilé. Bí ó bá jẹ́ baálé là ń bi níbi gbogbo, ohùn àwọn ọkùnrin àgbà nìkan la máa gbọ́. Ọ̀nà kan ni pé kí a bi ẹni tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ kọjá gbẹ̀yìn nínú àwọn àgbàlagbà ilé. Onímọ̀ ìwádìí kan, Leslie Kish, ṣe àtẹ kan ní 1949 tó ń yan ẹni tí a máa bi, a ṣì ń lo irú rẹ̀. A tún máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ yọ̀ǹda wa díẹ̀, torí ẹnu obìnrin kì í ṣí bákan náà bí ọkọ tàbí ìyá ọkọ bá dúró tì í.

Ìbò orí WhatsApp àti ti rédíò ńkọ́?

Ẹ gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e fún ẹnikẹ́ni bí èsì ìlú. Ẹni tó wù ló dìbò, ẹni tó wù ló sì dì í lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọdún kan wọ́n ní ìdá 33 nínú 100 wa ni kò níṣẹ́, ọdún mìíràn wọ́n ní 4. Èwo ni òótọ́?

Àjọ NBS, àjọ ìjọba tó ń kó ìṣirò orílẹ̀-èdè yìí jọ, ló gbé méjèèjì jáde: 33.3 fún oṣù mẹ́ta ìparí 2020, 4.1 fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ 2023. Iṣẹ́ kò dédé pọ̀ bẹ́ẹ̀ lójijì. Ìtumọ̀ "aláìníṣẹ́" ni wọ́n yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò ṣiṣẹ́ tó wákàtí 20 lọ́sẹ̀ wà lára aláìníṣẹ́. Nísinsìnyí, bó bá ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan láàárín ọ̀sẹ̀, ó níṣẹ́ lọ́wọ́, bí wọ́n ṣe ń kà á káàkiri àgbáyé. Ẹni tó bá gbé iye méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìsọ èyí ń tan èèyàn jẹ.

Ọ̀rọ̀ "iṣẹ́" fúnra rẹ̀ tún le lédè wa. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, mo bi ìyá kan pé, "Ẹ kú iṣẹ́ mà, ṣé ẹ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ báyìí?" Ó ní, "Rárá o, ọmọ mi, mi ò níṣẹ́, ilé ni mo wà." Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ń bó ẹ̀gẹ́, ọwọ́ rẹ̀ funfun dé ọrùn ọwọ́. Àpò gàárì mẹ́ta ló fẹ̀yìn ti ògiri, ìkẹrin ṣì wà lábẹ́ òkúta tí wọ́n fi ń fún un. Lójú rẹ̀, iṣẹ́ ni èyí tí wọ́n ń gba owó oṣù lé lórí. Bí mo bá kọ "kò níṣẹ́", mo kọ ohun tó sọ, síbẹ̀ irọ́ ni mo kọ. Láti ọjọ́ yẹn mo máa ń bèèrè pé, "Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí lẹ ṣe tó mú owó tàbí oúnjẹ wọlé, bó ti wù kó kéré mọ?"

Ṣé lóòótọ́ ni pé àwọn abèèrè kan máa ń jókòó sábẹ́ igi kọ ìdáhùn fúnra wọn?

Lóòótọ́ ni. Ó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ mi rí, nínú iṣẹ́ tí a ṣe fún agbaṣẹ́ṣe kan. Ọmọkùnrin kan dá fọ́ọ̀mù 24 padà lọ́jọ́ kan. Mo wò ó: ọjọ́ orí gbogbo baálé parí sí 0 tàbí 5, kò sí ẹni tó ní "mi ò mọ̀", bíírò kan náà, ọwọ́ kan náà tí kò gbọ̀n. Mo mú mẹ́ta níbẹ̀, mo lọ kan ilẹ̀kùn. Ìyá kejì ní, "Ẹnikẹ́ni kò dé ibí." A da gbogbo rẹ̀ nù, a sì tún àdúgbò náà ṣe. Owó iṣẹ́ ni wọ́n ń san lórí fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, kì í sì í tó wọ mọ́tò; èmi ò rò pé ọmọ náà nìkan ló jẹ̀bi. Lónìí, tábílẹ́ẹ̀tì ń sọ ibi tí èèyàn wà àti ìṣẹ́jú tó lò, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó dà bíi kí ọ̀gá padà lọ kan ìdá kan nínú ilẹ̀kùn náà fúnra rẹ̀.

Mo ka èsì ìwádìí kan nínú ìwé ìròyìn. Kí ni kí n kọ́kọ́ wò?

Bí wọ́n ṣe yan àwọn tí wọ́n bi. Ẹ wò ó kí ẹ tó wo iye wọn. Bí ìwé náà kò bá sọ ọ́, ẹ pa á dé. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìbéèrè náà gan-an bí wọ́n ṣe bi í, ọjọ́ tí wọ́n bi í, ẹni tó sanwó, àti iye àwọn tó kọ̀ láti dáhùn. Bí wọ́n bá ní A fi ìdá 2 ju B lọ nínú ìwádìí ẹni 1,000, kò sí ẹni tó ju ara wọn lọ. Bí wọ́n bá tún sọ pé "àwọn ọ̀dọ́ Rẹ́mọ ní...", ẹ bèèrè pé ọ̀dọ́ mélòó: nínú 1,000 fún gbogbo ìpínlẹ̀, ó lè má ju 30 lọ, ẹni 30 sì lè yẹ̀ ní ìdá 18.

Kí ni mo fi máa mọ abèèrè tòótọ́?

Ó máa ní káàdì àti lẹ́tà, á sọ orúkọ àjọ, á ní ẹ lè kọ̀. Kò ní bèèrè BVN, kò ní bèèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì báńkì. Bó bá bèèrè rẹ̀, ẹ tilẹ̀kùn.

Wọ́n ní ẹ ti wá lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ò bá mi. Ṣé kí n máa retí yín, àbí ẹ ti mú ilé mìíràn dípò?

Ẹ máa retí wa. A kì í fi ilé mìíràn rọ́pò, torí ẹni tó wà nílé lọ́sàn-án kò jọ yín. A máa wá ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn agogo mẹ́fà, tàbí ní kùtùkùtù kí ẹ tó lọ wọ mọ́tò Èkó. Ẹ kàn sọ fún ará ilé kejì ìgbà tí ẹ máa ń dé. A ó bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.